Ojú Ọjọ́ Kì Í Ṣe Ìṣesí Ìgbà

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ìtàn ogun. Ọ̀rọ̀ òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn ni, èyí tí ẹlòmíràn lè wí pé kò tó ohun tí àgbàlagbà ń fi tàdáwà kọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi sùúrù bá wa dé òpin rẹ̀, ẹ ó rí i pé àgbàdo inú oko, òrùlé orí wa, àti ọgbọ́n orí àwọn ọmọ wa ni ọ̀rọ̀ náà dá lé.

Ní ìgbà ọyẹ́ tí ó kọjá, àgbà àgbẹ̀ kan tí ó ti ju ọmọ ọgọ́rin ọdún lọ jókòó tì wá ní ìta ilé ìsìn. Ó ti gbọ́ nínú rédíò pé “ìyípadà ojú ọjọ́” ni ọ̀tá tuntun tí ó dojú kọ àwọn àgbẹ̀. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Olùkọ́, ẹ là á yé mi. Ìgbà wo ni ojú ọjọ́ kò yí padà rí? Ó lè ṣú ní òwúrọ̀, kí ó là ní ọ̀sán, kí ó tún ṣú ní ìrọ̀lẹ́. Ṣé èyí náà ni wọ́n ń tìtorí rẹ̀ ké gbàjarè?” Èsì kò yá wa lẹ́nu, nítorí pé òtítọ́ ni bàbá sọ. A wá bi í pé, “Bàbá, báwo ni oko yín ti rí ní ọdún tí ó lọ?” Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó ní ẹ̀ẹ̀mejì ni òun gbin àgbàdo: ti àkọ́kọ́ hù dáadáa lẹ́yìn òjò kìíní, ọ̀dá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì pa á. Ó mi orí, ó ní, “Òjò kò mọ ìgbà rẹ̀ mọ́.”

Ẹ kíyèsí i. Ohun tí rédíò ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́ tí kò yé bàbá, bàbá fúnra rẹ̀ fi ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré sọ ọ́. Kì í ṣe èdè Yorùbá ni ó kùnà níhìn-ín. Àwọn tí ó mú orúkọ fún nǹkan láì bi àgbẹ̀ léèrè ni ó kùnà. Ẹ̀sùn tí a mú wá nìyí, a kò sì ní fi bò: àwa ọ̀mọ̀wé, àwa olùkọ́, àwa oníròyìn, àti àwa oníwàásù pẹ̀lú, ni a ń da ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run rú mọ́ àwọn ènìyàn wa lójú. Ibi tí èdè wa ti ní ọ̀rọ̀ méjì, a fi ọ̀kan ṣe é. Ibi tí ó ti ní márùn-ún, a kò kọ́ ọmọ ní ẹyọ kan.

Kí ni ojú ọjọ́? Ojú ọjọ́ ni bí ọjọ́ ti rí níhìn-ín àti nísinsin yìí: ó ṣú tàbí ó là, ó móoru tàbí ó tutù, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ tàbí ó dákẹ́ rọ́rọ́. Ojú ọjọ́ Abẹ́òkúta lè yàtọ̀ sí ti Ìbàdàn ní wákàtí kan náà. Ohun mìíràn ni ìgbà. Ìgbà òjò wà, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wà, olúkúlùkù sì ní ìṣesí tirẹ̀ tí àwọn baba wa mọ̀: oṣù tí ó ń dé, bí ó ti ń pẹ́ tó, àmì tí ó ń fi hàn kí ó tó lọ. Ìṣesí ìgbà yìí ni àwọn onímọ̀ ń wá nígbà tí wọ́n bá ń ṣírò ọdún púpọ̀ pa pọ̀. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n sábà máa ń mú, èyí tí wọ́n sì ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́ ni ti ọdún 1991 sí 2020. Bí a bá fi ènìyàn ṣe àkàwé, ojú ọjọ́ ni ojú tí ó gbé jí lónìí, yálà ó fajú ro tàbí ó tújú ká. Ìṣesí ìgbà ni ìwà rẹ̀. Ta ni ó lè mọ ìwà ènìyàn ní ọjọ́ kan ṣoṣo?

Nítorí náà, ìyípadà ojú ọjọ́ kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù, kò sì yẹ kí ó bà á. Ìyípadà ìṣesí ìgbà ni ẹ̀rù wà nínú rẹ̀. Ọdún 2024 ni ó gbóná jù lọ nínú gbogbo ọdún láti ìgbà tí a ti ń fi ohun èlò wọn ooru ayé. Ooru rẹ̀ fi nǹkan bí ìwọ̀n kan àti ààbọ̀ lórí tẹmómítà Celsius ju bí ó ti rí láàárín ọdún 1850 sí 1900 lọ. Èédú, epo rọ̀bì àti gáàsì tí aráyé ń jó ni ó ń tú ohun tí ń sé ooru mọ́ inú afẹ́fẹ́, iná gáàsì tí ń jó lórí àwọn kànga epo ilẹ̀ wa kò sì gbẹ́yìn nínú rẹ̀. Ẹni tí a bá sọ fún pé ojú ọjọ́ ni ó yí padà yóò jáde ní òwúrọ̀ kan tí ó tutù, yóò sì wí pé irọ́ ni. Ẹni tí a bá sọ fún pé ìṣesí ìgbà ni ó yí padà yóò rántí oko rẹ̀, yóò sì bi wá pé, “Kí ni kí n ṣe?” Ìbéèrè yẹn ni a ń wá, orúkọ tí kò tọ́ ni ó sì ń dènà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a lọ síwájú. Àjọ tí ń rí sí ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ní Nàìjíríà, tí òfin ọdún 2003 gbé kalẹ̀, a máa sọ tẹ́lẹ̀ ní ọdọọdún ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò tán. Iṣẹ́ rere ni, a sì yìn ín. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ náà bá ti dé etí àgbẹ̀ pé “òjò yóò bẹ̀rẹ̀,” ó rò pé òjò kìíní ni à ń wí. Àwọn onímọ̀ kò ka òjò kìíní sí ìbẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wọn ni ìgbà tí òjò bá rọ̀ tó láti rin ilẹ̀ wọ inú, tí ọ̀dá ọjọ́ púpọ̀ kò sì tẹ̀lé e tí irúgbìn yóò fi kú. Ǹjẹ́ èdè wa kò ní ohun tí a lè fi ya méjèèjì sọ́tọ̀ bí? Ó ní. Òjò kìíní ni àkọ́rọ̀. Èyí tí a lè gbìn sí ni òjò tí ó ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Òjò ìkẹyìn ni àrọ̀kúrò. Kí olùkéde sọ báyìí pé, “Àkọ́rọ̀ lè bọ́ sí oṣù kẹta, ṣùgbọ́n ẹ má tíì gbìn, ó di oṣù kẹrin kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀,” kò sí àgbẹ̀ tí kò ní yé. Bàbá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ìbá má fi irúgbìn rẹ̀ ṣòfò.

Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa mọ èyí. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí Jákọ́bù Àpọ́sítélì ti ń sọ̀rọ̀ àgbẹ̀ tí ó fi sùúrù dúró de òjò, wọn kò sọ pé “òjò kan àti òjò mìíràn”. Àkọ́rọ̀ àti àrọ̀kúrò ni wọ́n kọ, nítorí pé wọ́n ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí ń roko. Àní wọ́n ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun funfun kan ń bọ́ láti òkè ní àwọn ilẹ̀ tútù, èyí tí kò bọ́ rí ní Òyó, ní Ìjẹ̀bú tàbí ní Èkìtì, Bíbélì sì dárúkọ rẹ̀. Wọn kò fò ó. Wọ́n pè é ní òjò dídì, ó sì yé gbogbo ẹni tí ó kà á. Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther ti tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843. Ní ọdún 1884 odindi Bíbélì ti wà ní èdè wa. Àwọn baba wọ̀nyí rí orúkọ fún òjò tí kò rọ̀ sí ilẹ̀ wọn rí. Àwa ọmọ wọn kò lè dárúkọ èyí tí ń rọ̀ sórí páànù wa. Ìtìjú kọ́ nìyí bí?

Ẹ tún wo ẹ̀ẹ̀rùn àti ọ̀dá. Lójoojúmọ́ ni a ń gbọ́ tí a ń fi ọ̀kan pe èkejì. Ẹ̀ẹ̀rùn ni ìgbà tí òjò kì í rọ̀, tí kò sì yẹ kí ó rọ̀, láti oṣù kọkànlá títí di nǹkan bí oṣù kẹta. Kò sí ibi nínú rẹ̀, òun ni a fi ń sá ẹ̀gẹ́, tí a fi ń kọ́lé. Ọ̀dá ni kí òjò má rọ̀ nígbà tí ó yẹ kí ó rọ̀. Bí ọ̀dá bá wá pẹ́ títí tí odò ń gbẹ tí koríko ń kú, ó di ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹni tí ó bá pe ẹ̀ẹ̀rùn ní ọ̀dá dà bí ẹni tí ó pe oorun ní àìsàn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti àsọtẹ́lẹ̀ ojúmọ́. Onímọ̀ sọ pé ó ṣeé ṣe kí òjò rọ̀, ògbufọ̀ gbé e sí afẹ́fẹ́ pé, “Òjò yóò rọ̀ lọ́la.” Bí òjò kò bá wá rọ̀, ará ilé wa a ní òpùrọ́ ni gbogbo wọn. Bí wọ́n bá kìlọ̀ nípa ìjì ní ọ̀sẹ̀ kejì, ta ni yóò gbọ́? Yorùbá ní “ó ṣeé ṣe,” ó ní “ó jọ pé,” ó ní “ó dájú pé,” ìwọ̀n wọn kò sì dọ́gba. Kí ògbufọ̀ wọn ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ó tó là á.

A fẹ́ kí àwọn tí ń sọ pé èdè wa kò tó ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ í ṣe gbé ọ̀rọ̀ yìí yẹ̀ wò. Òjò ní ń rọ̀. Ìrì kì í rọ̀, ó ń sẹ̀ ni. Gẹ̀ẹ́sì a máa wí pé ìrì bọ́ láti òkè, bí òjò. Ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì sì ní bẹ́ẹ̀ kọ́, pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ó di omi lára ewé nígbà tí òru bá tutù. Ta ni ó sún mọ́ òtítọ́ jù? Àrá ń sán, mànàmáná ń kọ, òjò ń ṣú, ó ń rọ̀, ó sì ń dá. Bí òjò bá ń kán fínnífínní, wínniwínni ni; bí ó bá dà lójijì tí ó sì lágbára, ọ̀wààrà ni; bí ó bá ń rọ̀ tí kò mọ̀ dídá, àrọ̀ìdá ni. Ní ti ohun tí ń fẹ́, afẹ́fẹ́ ni orúkọ gbogbo rẹ̀. Atẹ́gùn ni èyí tí ń tu ni lára. Ẹ̀fúùfù ni èyí tí ń mi igi. Ìjì ni èyí tí ń ṣí òrùlé. Ààjà sì ni èyí tí ń pòyì, tí ń gbé eruku àti koríko gbígbẹ lọ sókè. Ẹ fi orúkọ márùn-ún yìí sí iwájú ọmọ ilé ẹ̀kọ́, ẹ óò rí i pé òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ ni ẹ fi lé e lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n kí ni à ń fi lé e lọ́wọ́? Àwa tí a ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́ ni kí ẹ bi. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́ kan tí eruku bo òkè tí ètè sì ń là, a ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kọ orúkọ àwọn ìgbà tí ó wà nínú ọdún. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kọ mẹ́rin: ìgbà òtútù àwọn Òyìnbó, ìgbà ìrúwé wọn, ìgbà ooru wọn, àti ìgbà tí ewé wọn ń wọ́. Wọ́n kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì, wọn kò sì ṣi ẹyọ lẹ́tà kan. Ẹnìkan ṣoṣo ni ó kọ ọyẹ́ tí gbogbo wa ń gbọ̀n nínú rẹ̀, ó sì fi “harmattan” pè é, ó rò pé ti Gẹ̀ẹ́sì ni. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àwọn ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn jẹ́wọ́ pé lọ́dọ̀ àwọn ará etí òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí ń sọ èdè Akan, ni wọ́n ti yá a. Òyìnbó yá ọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ aládùúgbò wa nítorí pé ó rí ohun tí kò lórúkọ nílé rẹ̀. Àwa ní orúkọ nílé, a gbé e sọnù.

A kò bá àwọn ọmọ náà wí. Ohun tí a fi kọ́ wọn ni wọ́n sọ. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tòótọ́ nípa ìgbà méjì ilẹ̀ wa kò le, ó sì dùn. Afẹ́fẹ́ méjì ni ń du ilẹ̀ wa mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀kan ń ti orí òkun Àtìláńtíìkì bọ̀ láti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn, ó kún fún ọ̀rinrin. Èkejì ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà bọ̀ láti àríwá-ìlà-oòrùn, ó gbẹ, ó sì ń ru eruku, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì. Ibi tí àwọn méjèèjì ti pàdé kì í dúró lójú kan. Ní oṣù kìíní ó máa ń sún mọ́ etí òkun wa. Ní oṣù kẹjọ ó ti kọjá ilẹ̀ Haúsá lọ sí ìhà aṣálẹ̀. Gúúsù ojú ààlà yìí ni òjò wà. Àríwá rẹ̀ ni ẹ̀ẹ̀rùn àti ọyẹ́ wà. Ọyẹ́ a máa mú ní òru nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ kò lè mú ooru ilẹ̀ dúró. A máa la ètè nítorí pé ó ń fa omi ara. Bí ààlà náà bá ti lọ jìnnà ní oṣù keje sí ìkẹjọ, tí omi òkun etí ilẹ̀ wa sì tutù, òjò a sinmi díẹ̀, lẹ́yìn náà a tún padà ní oṣù kẹsàn-án. Nínú gbogbo èyí tí a sọ, ẹ wò ó bóyá a ya ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó dí yín lọ́wọ́.

Ìjọba pàápàá kò ràn wá lọ́wọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Ìgbìmọ̀ Aláṣẹ ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ọdún mẹ́fà ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta kò pé, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n fagi lé e, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a fi kọ́ wọn. Bí ẹni pé a kò dán an wò rí! Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní Ilé-Ifẹ̀ fún odindi ọdún mẹ́fà, sáyẹ́ǹsì wà nínú rẹ̀, ìṣirò wà nínú rẹ̀, a sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Nígbà tí a dán wọn wò, wọn kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ta ni ó ka ìwé náà kí ó tó fagi lé ìlànà?

Àwọn kan yóò dìde sí wa, ó sì yẹ kí a dá wọn lóhùn. Àwọn àkọ́kọ́ yóò wí pé, “Ẹ̀ka èdè pọ̀, orúkọ tí Ìjẹ̀ṣà ń pè é lè má jẹ́ ti Ẹ̀gbá.” Òtítọ́ ni, òjò pàápàá kò sì rọ̀ bákan náà níbi gbogbo: èyí tí ń rọ̀ ní Lomé kéré púpọ̀ sí ti Èkó, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé etí òkun kan náà ni. Kí olúkúlùkù sọ ti ìlú rẹ̀ fún ọmọ rẹ̀, kí ìwé sì kó wọn jọ. Ọ̀pọ̀ orúkọ kì í ṣe òṣì.

Àwọn èkejì wà láàárín àwa tí ń wọ kọ́là pàápàá. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ àrá ń rùn Ṣàngó, ọ̀rọ̀ ìjì ń rùn Ọya, kí á má fi kọ́ ọmọ Kristẹni. A bẹ̀ wọ́n, ọjọ́ wo ni wọ́n ń ṣe ìsìn Àsè Ìkẹyìn Olúwa ní ọ̀sẹ̀ Àjíǹde? Ọjọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní Thursday, ọjọ́ Thor ni, òrìṣà àrá àwọn baba ńlá wọn. A kò tíì gbọ́ pé bíṣọ́ọ̀bù kan yí i padà. Kí a sọ fún ọmọ pé mànàmáná ni iná náà, àrá ni ariwo rẹ̀. Pé ìmọ́lẹ̀ yára ju ariwo lọ, ni a fi ń rí ọ̀kan kí a tó gbọ́ èkejì. Àti pé bí ó bá ka ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta láàárín wọn, nǹkan bí kìlómítà kan ni ó fi jìnnà sí i. Ẹ̀rù òrìṣà yóò kúrò níbẹ̀, èdè yóò sì dúró.

Àwọn ẹ̀kẹta ni ti ilé wa, a kò sì ní ṣojú wọn. Àwọn ni wọ́n ń hun orúkọ gígùn bí okùn ìfami fún gbogbo ohun èlò Òyìnbó, tí ẹni tí ó hun ún pàápàá kò lè rántí rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Kí tẹmómítà máa jẹ́ tẹmómítà. Ọ̀rọ̀ yíyá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀: sánmà tí à ń pè lójoojúmọ́, láti inú èdè Lárúbáwá ni ó ti wá, ọwọ́ àwọn ará wa Mùsùlùmí ni ó sì bá dé. Ohun tí a kọ̀ ni kí a yá ohun tí a ní tẹ́lẹ̀, tàbí kí a fi ọ̀kan nínú tiwa ṣe iṣẹ́ méjì tí kò lè ṣe.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé àríyànjiyàn àwọn onígègé lásán ni èyí, kí ó lọ bi Ìbàdàn léèrè. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa kún, ó gbé ilé, ó gbé ènìyàn. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò tún rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ó wó afárá, ó sì pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ. Ẹ rántí pé oṣù kẹjọ ni àwọn méjèèjì, oṣù tí gbogbo wa fi ọkàn tán pé òjò ń sinmi. Àwọn baba wa ní àgbàrá òjò kò ní òun kò ní wó ilé, onílé ni kò ní gbà fún un. Báwo ni onílé yóò ṣe kọ̀ fún un bí kò bá mọ èyí tí ń bọ̀? Àgbàrá ni omi òjò tí ń ṣàn lọ lójú ọ̀nà. Ó ń yára dé, ó ń yára lọ, kí a má là á kọjá ni ọgbọ́n rẹ̀. Odò kíkún yàtọ̀: ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó sì lè pẹ́ kí ó tó fà, kí a kó kúrò ní bèbè rẹ̀ ni ọgbọ́n rẹ̀. Omíyalé ni èyí tí ó wọlé tọ ni nítorí pé ojú gọ́tà dí; kí a kó ìdọ̀tí kí òjò tó dé ni ọgbọ́n rẹ̀. Bí olùkéde bá fi “ìkún omi” pe gbogbo wọn, èwo ni kí ìyálé ilé ṣe nínú mẹ́ta?

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń béèrè. Èkínní, kí ẹnikẹ́ni tí ń sọ̀rọ̀ ní rédíò tàbí lórí àga ìwàásù fi ojú ọjọ́ sílẹ̀ fún ti ọjọ́, kí ó sì pe èyí tí ń ba oko jẹ́ ní ìyípadà ìṣesí ìgbà. Bí ẹlòmíràn bá ní orúkọ tí ó dára ju tiwa lọ, kí ó kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé yìí. Kì í ṣe orúkọ tiwa ni a ń jà fún, bí kò ṣe pé kí méjèèjì má jẹ́ ọ̀kan. Èkejì, kí a tó ka àsọtẹ́lẹ̀ òjò fún àgbẹ̀, kí a kọ́kọ́ kà á fún àgbẹ̀ kan tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì, kí a sì bi í pé kí ni ó gbọ́. Ẹ̀kẹta, kí olùkọ́ kọ̀ọ̀kan, láì dúró de ìjọba, mú àwọn ọmọ jáde sí gbangba fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní òwúrọ̀, kí wọ́n gbé ojú sókè, kí wọ́n sì fi èdè ìyá wọn kọ ohun tí wọ́n rí sínú ìwé. Lẹ́yìn ọdún kan, ìwé kékeré náà yóò ní ohun tí kò sí nínú ìwé kíkà kankan tí a kó wá láti òkè òkun.

A ti bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀dọ̀ tiwa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó kọ ìgbà mẹ́rin ní òwúrọ̀ ọjọ́sí ti ń kọ àkọ́rọ̀ àti ọ̀wààrà báyìí. Ní ọ̀sẹ̀ tí ó lọ, ọ̀kan nínú wọn mú ìwé rẹ̀ lọ sílé, ó kà á fún bàbá rẹ̀ àgbà tí kò mọ̀wé. Ó ní bàbá náà gbọ́ ọ tán, ó sì ṣe àtúnṣe sí ibi méjì. Ǹjẹ́ ìgbà wo ni àgbẹ̀ tí kò mọ̀wé ti ní àyè rí láti tún ìwé ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ṣe? Kí Ọlọ́run tí ń rọ òjò sórí olódodo àti aláìṣòdodo fún wa ní òjò ní ìgbà rẹ̀, kí ó sì fún wa ní ẹnu tí a ó fi máa pè é ní orúkọ rẹ̀.